Fọ́tò rélùwéè Írẹ́lándì tí kò ní déètì: bí ẹ ṣe lè mọ ọdún rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti yà á

Ẹ̀yìn fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹnìkan bá ti kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ dà á kọ sínú ìwé bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àṣìkọ rẹ̀, kí ẹ tó ronú bóyá òótọ́ ni. Òǹtẹ̀ ilé tí wọ́n ti fọ fọ́tò, nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ, ìdajì orúkọ ìlú tó ti fẹ́ parẹ́: gbogbo rẹ̀ ló máa wúlò tó bá yá. Nínú fọ́tò rélùwéè Írẹ́lándì, ohun tá a sábà máa ń bá níbẹ̀ kò ju "ọkọ̀ ojú irin ní Cork" lọ, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní nǹkan kan lẹ́yìn rárá.

Fọ́tò tó ti wọ ilé ìkówèépamọ́ kò ní ìṣòro. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì ní Dublin ń tọ́jú àkójọ fọ́tò rélùwéè tí James P. O'Dea yà. Irish Railway Record Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, ní ilé ìkàwé tiwọn nínú ọgbà téṣàn Heuston. Èyí tó ń dùn mí ni àwọn tó wà nínú páálí ní yàrá àwọn àgbàlagbà, nítorí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú wọn kì í pẹ́ láyé tó fọ́tò náà. Bí ẹni náà bá ti lọ, inú fọ́tò fúnra rẹ̀ la ó ti máa wá ìdáhùn. Ìdáhùn náà sì wà níbẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Ìlànà kan ṣoṣo ló ń darí gbogbo iṣẹ́ yìí: ẹ má ṣe kọ ọdún sílẹ̀ títí ẹ̀rí méjì tí kò bá ara wọn tan yóò fi sọ ohun kan náà. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀ ẹ́ńjìnnì bá ara wọn tan, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n lè kun àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti pátákó orúkọ téṣàn kò bá ara wọn tan. Irú ìyẹn la fẹ́.

Ìbú ojú irin

Ẹ wo bí irin méjèèjì ṣe jìnnà síra. Ojú irin ńlá ní Írẹ́lándì, láti Belfast dé Cork, fẹ̀ ní mílímítà 1600. Kò sí ibòmíràn ní Yúróòpù tí wọ́n ń lo ìbú yìí. Ó wà ní Ọsirélíà, ó sì wà ní Bràsíl, nítorí náà bí fọ́tò bá ti inú àwo fọ́tò ẹbí kan tó káàkiri ayé wá, ẹ má ṣe fi ìbú nìkan búra pé Írẹ́lándì ni. Ẹni tó bá mọ ojú irin àtijọ́ ti Nàìjíríà, tó fẹ̀ ní mílímítà 1067, á rí i lójú ẹsẹ̀ pé ti Írẹ́lándì gbòòrò gan-an: bí òṣìṣẹ́ kan bá dúró sáàárín irin méjèèjì, àyè tó pọ̀ máa ń ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀.

Àmọ́ Írẹ́lándì tún ní ojú irin tóóró, mílímítà 914, tó gba inú àwọn ìgbèríko ìwọ̀-oòrùn àti àríwá kọjá. Fọ́tò ojú irin tóóró ló rọrùn jù láti fi òpin déètì sí, nítorí a mọ ìgbà tí wọ́n ti wọn pa. Tralee àti Dingle parí ní 1953. Londonderry àti Lough Swilly náà, 1953. Cavan àti Leitrim, tó ń kó èédú Arigna, dúró ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1959. County Donegal dúró ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1959 yẹn kan náà. West Clare ló gbẹ́yìn wọn, ní òpin oṣù Kíní 1961. Bí ẹ bá ti mọ ìlà tó jẹ́, ọdún tí fọ́tò náà kò lè kọjá ti wà lọ́wọ́ yín.

Ìdẹkùn méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Bord na Móna, iléeṣẹ́ ìjọba tó máa ń wa ẹrẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná títí di nǹkan bí 2020, tó ní ojú irin tirẹ̀ nínú irà, mílímítà 914 náà ni, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àwọn tí mo kà sókè yìí. Bí ẹ bá rí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré tó ń fa wágọ́ọ̀nù onírin lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú tí kò ní igi, ibẹ̀ ni. Èkejì ni ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì alárà méjì ti Donegal, nọ́ńbà 19 àti 20: lẹ́yìn tí Donegal parí, wọ́n tà wọ́n sí Isle of Man, erékùṣù kan láàárín Írẹ́lándì àti Gẹ̀ẹ́sì, ní 1961, ojú irin ibẹ̀ náà sì jẹ́ 914. Ọkọ̀ Donegal ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò náà lè má jẹ́ ti Írẹ́lándì rárá. Ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni kí ẹ wò.

Ta ló ni ọkọ̀ náà?

Iléeṣẹ́ tó ni rélùwéè Írẹ́lándì ti yí padà léraléra, ìyípadà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ààlà tó wúlò fún wa. Kí ó tó di 1925, iléeṣẹ́ aládàáni pọ̀ káàkiri: Great Southern and Western, Midland Great Western, Dublin and South Eastern àti àwọn kéékèèké. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1925, gbogbo èyí tó wà pátápátá nínú orílẹ̀-èdè tuntun náà (Irish Free State, apá gúúsù Írẹ́lándì tó gba òmìnira, tí àríwá sì ṣẹ́ kù sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì) di Great Southern Railways. Great Northern kò wọ̀ ọ́ nítorí ojú irin rẹ̀ la ààlà kọjá, ó ń lọ láti Dublin sí Belfast. Ọjọ́ kìíní ọdún 1945 ni CIÉ (Córas Iompair Éireann, iléeṣẹ́ ìrìnnà Írẹ́lándì) gba ipò Great Southern. Ní àríwá, Ulster Transport Authority bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ìjọba méjèèjì pín Great Northern mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1958, apá kan sí CIÉ, apá kan sí Ulster Transport. Ní oṣù Kejì 1987 ni Iarnród Éireann, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó rélùwéè, jáde láti inú CIÉ.

Àmì CIÉ tí ẹ óò máa rí lára tẹ́ńdà ẹ́ńjìnnì (ọkọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń gbé èédú àti omi) àti ara kọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni àgbá kẹ̀kẹ́ kan tó ní ìyẹ́ tó nà sẹ́yìn, èyí tí àwọn ará Dublin ń pè ní ìgbín tó ń fò. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tíráàmù Dublin ni CIÉ ti jogún rẹ̀. Bó bá wà lára ọkọ̀ ojú irin, 1945 ni ó kéré tán, a kì í sì í rí i lára ọkọ̀ tí wọ́n kun tuntun lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọn kò kun fún ọdún mẹ́wàá á ṣì gbé e. Ìdí nìyẹn tí àmì fi ń sọ ìgbà tí fọ́tò kò lè ṣáájú, tí kì í sì í sọ ìgbà tí kò lè kọjá.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Ẹ má ṣe rò pé nọ́ńbà kan jẹ́ ẹ́ńjìnnì kan títí ayé. Ẹ̀rọ sítíìmù tí wọ́n ń pè ní 461 lónìí, tó wà lọ́wọ́ Railway Preservation Society of Ireland, nọ́ńbà 15 ló ń jẹ́ nígbà tí Beyer Peacock ti Manchester ṣe é fún Dublin and South Eastern ní 1922. Nígbà tí Great Southern Railways dé, ó fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì Great Southern and Western sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ó sì fún ti Midland àti ti Dublin and South Eastern ní nọ́ńbà tuntun. Bí fọ́tò bá fi 15 hàn, ó ti pẹ́. Bó bá fi 461 hàn, 1925 sókè ni.

Ti Great Northern tún le díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn pínpín 1958, èyí tó bọ́ sọ́wọ́ CIÉ gba lẹ́tà N sẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, bíi 131N. Èyí tó lọ sí Ulster Transport gba nọ́ńbà míì pátápátá: Slieve Gullion, tó jẹ́ 171 lábẹ́ Great Northern, di 60. Lónìí ó ti padà sí 171 àti àwọ̀ búlúù rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tún ṣe fún ìrìn àjò fàájì máa ń gbé àwọ̀ ìgbà ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọ̀, nítorí náà ẹ wo aṣọ àwọn tó ń wo ọkọ̀. Bí jákẹ́ẹ̀tì wọn bá jẹ́ ọ̀rá aláwọ̀ mèremère, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àwọn ọdún 1980 sì wà níbi ìdúró ọkọ̀, fọ́tò 1936 kọ́ nìyẹn láé, bó ti wù kí búlúù náà dán tó.

Ní ti dísẹ́ẹ̀lì, lẹ́tà ni kí ẹ máa wá. CIÉ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ́ńjìnnì A, ọgọ́ta lápapọ̀, láti ọ̀dọ̀ Metropolitan-Vickers ní 1955, pẹ̀lú ẹ̀rọ Crossley tó ń fún wọn níṣòro lemọ́lemọ́. Láàárín 1968 àti 1971 wọ́n yọ Crossley kúrò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ General Motors ti Amẹ́ríkà sí i. Èyí tí wọ́n bá ti yí padà gba R sẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀. Láti 1972, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́tà kúrò: ẹ́ńjìnnì A di 001 sí 060, B141 di 141 lásán. Nítorí náà, A tó ní R lẹ́yìn jẹ́ ẹ̀rí tó dára gan-an, àyè ọdún bíi mẹ́rin péré ló ṣí sílẹ̀ fún un.

Ẹ fi ọkàn sí èyí: kíláàsì 201 méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn ẹ́ńjìnnì C kékeré mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí wọ́n di B201 sí B234 lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ wọn, tí wọ́n sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1980. Ti èkejì ni ẹ́ńjìnnì ńlá tí General Motors ṣe ní London, Ontario, ní Kánádà, ní 1994 sí 1995, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà, nọ́ńbà 201 sí 234 náà. Àkọ́kọ́ nínú wọn wọ ọkọ̀ òfurufú Antonov dé Dublin. Ẹni tó bá kọ "201" sẹ́yìn fọ́tò láìkọ nǹkan mìíràn ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ìdajì, ṣùgbọ́n ìrísí wọn kò jọra rárá: C kúrú, iwájú rẹ̀ tẹ́jú, tuntun gùn, ó sì ga, iwájú rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé

Fíìmù aláwọ̀ àtijọ́ máa ń ṣá. Ektachrome tó ti pẹ́ máa ń fà sí pupa, Kodachrome sì máa ń dúró dáadáa bó bá wà nínú òkùnkùn. Nínú fọ́tò dúdú àti funfun, fíìmù àtijọ́ kan wà tí kì í rí pupa rárá, gbogbo ohun pupa á di dúdú, búlúù á sì di funfun tàbí eérú. Ẹ́ńjìnnì èrò ti Great Northern, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní búlúù ojú ọ̀run ní 1936, lè jọ èyí tí wọ́n kun ní funfun.

Síbẹ̀, fún fọ́tò aláwọ̀ dísẹ́ẹ̀lì CIÉ, ìtẹ̀lé àwọ̀ wọn nìyí: fàdákà láti 1955, tó máa ń dọ̀tí kíákíá, àwọ̀ ewé ní òpin àwọn ọdún 1950, dúdú pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀ àti funfun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọ̀ ọsàn àti dúdú láti 1972, lẹ́yìn 1987, àwọ̀ ọsàn àti dúdú kan náà ṣùgbọ́n ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wà lókè dúdú àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kíláàsì 121, tó dé ní 1961 pẹ̀lú ilé dẹ́rẹ́bà ní orí kan ṣoṣo, dé pẹ̀lú eérú àti yẹ́lò. Ìlà funfun yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtẹ̀lé yìí, torí pé a lè rí i nínú fọ́tò tó ti ṣá gan-an.

Téṣàn wo nìyí?

Pátákó orúkọ ló dára jù, ṣùgbọ́n orúkọ yí padà. Ní oṣù Kẹrin 1966, láti fi ṣe ìrántí àádọ́ta ọdún Ìdìtẹ̀ Ọjọ́ Àjíǹde ti 1916, tí àwọn ará Írẹ́lándì ṣe sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ téṣàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórúkọ àwọn tí ìjọba náà pa lẹ́yìn rẹ̀. Kingsbridge ní Dublin di Heuston, Amiens Street di Connolly, Westland Row di Pearse, Glanmire Road ní Cork di Kent. Pátákó tó ní ọ̀kan nínú orúkọ tuntun yìí kò lè ṣáájú 1966. Kingstown sí Dún Laoghaire àti Queenstown sí Cobh ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ní nǹkan bí 1920. Maryborough sí Portlaoise ní 1929.

Ìlú kan lè ní téṣàn púpọ̀. "Belfast" lásán kò tó: láyé àtijọ́, York Road ni wọ́n ti ń lọ sí àríwá, Great Victoria Street ni ti Great Northern, Queen's Quay ni ti County Down. Derry ní mẹ́rin nígbà kan, iléeṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjì nínú wọn sì jẹ́ ojú irin tóóró. Fọ́tò tí wọ́n kọ "Cork" sí lè jẹ́ Albert Quay, níbi tí ọkọ̀ Bandon àti West Cork ti ń gbéra títí di òpin oṣù Kẹta 1961. Ti Kent rọrùn láti mọ̀: pèpéle rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, òrùlé rẹ̀ sì tẹ̀ tẹ̀lé e, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ nọ́ńbà 36 sì wà níbẹ̀ fún ìfihàn. Waterford ní ilé sígínà tó dábùú òkè ojú irin.

Limerick Junction ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Kò sí ní Limerick, kò tiẹ̀ sí ní kọ́ńtì Limerick. Tipperary ló wà. Ìlà Limerick sí Waterford gba ibẹ̀ kọjá lórí ìlà Dublin sí Cork ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àgbélébùú. Fún ọdún gbọọrọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó bá fẹ́ dúró níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá téṣàn kí ó tó fi ẹ̀yìn rìn wọlé sí pèpéle. Bí ẹ bá rí fọ́tò ọkọ̀ tó dà bíi pé ó ń lọ síbi tí kò yẹ, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń wo ẹ̀yìn, ẹ fi ibẹ̀ sọ́kàn kí ẹ tó wá ibòmíràn.

Etíkun Dublin ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ọkọ̀ iná mànàmáná DART bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1984, láti Howth dé Bray, ó sì dé Malahide àti Greystones ní 2000. Bí kò bá sí wáyà lókè ojú irin ní Dún Laoghaire, fọ́tò náà ṣáájú DART. Bí òpó bá wà tí wáyà kò tíì sí, ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni, èyí sì ṣọ̀wọ́n, ẹ tọ́jú rẹ̀. Àwọn ìlà tó ti kú náà ní òpin: Broadstone kò gba èrò mọ́ láti 1937, Harcourt Street parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1958, ọkọ̀ èrò tó kẹ́yìn láàárín Rosslare àti Waterford rìn ní oṣù Kẹsàn-án 2010.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan

Ká ní fọ́tò dúdú àti funfun kan wà níwájú wa. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onílé dẹ́rẹ́bà méjì, ní iwájú àti lẹ́yìn, nọ́ńbà B150. B141 sí B177 ni kíláàsì yìí, wọ́n dé ní òpin 1962. B ṣì wà lára rẹ̀, nítorí náà kò kọjá ìgbà tí wọ́n yọ lẹ́tà kúrò ní nǹkan bí 1972. Ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Pátákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ Heuston. Ó ti di 1966 sí 1972. Ní ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀ṣì, èéfín funfun ń tú jáde láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì sítíìmù: kọ́ọ̀ṣì ìgbà yẹn ń fi èéfín omi gbígbóná (sítíìmù) mú inú ọkọ̀ yá, ọkọ̀ kan pàtó tó ní bọ́ílà nínú ló sì ń pèsè rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé òtútù mú. Àwọn èrò wọ kóòtù, wọ́n so bọ́tìnì rẹ̀ dé ọrùn. A lè kọ ọ́ báyìí láìbẹ̀rù: Dublin Heuston, ìgbà òtútù, láàárín 1966 àti 1972. A kò mọ ọjọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí a kọ ló ní ẹsẹ̀ tó dúró lé, ó sì sàn ju "1969" tí ẹnìkan kàn ronú kàn lọ.

Fọ́tò tó dojú dé

Ọ̀pọ̀ négátíìfù ni wọ́n ti tẹ̀ ní òdì, ọ̀tún sì di òsì. Bí nọ́ńbà bá hàn, ó rọrùn. Bí kò bá hàn, ẹ rántí pé níbi tí irin méjì bá wà, ọkọ̀ Írẹ́lándì ń gba apá òsì. Ẹ wo bọ́tìnì kóòtù ọkùnrin: apá òsì aṣọ ló máa ń bo apá ọ̀tún. Lọ́wọ́ négátíìfù fúnra rẹ̀, ojú kan ń dán, ìkejì ṣú; bí ẹ bá kọ ojú tó ń dán sí ara yín, àwọn lẹ́tà kékeré etí fíìmù gbọ́dọ̀ ṣeé kà dáadáa. Bí wọ́n bá yí padà, fíìmù ti dojú dé.

Bí ẹ ṣe máa gbé e wọ kọ̀ǹpútà

Ẹ fọwọ́ kan etí nìkan, tàbí kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbóòórùn páálí náà. Bó bá ń rùn bíi fínígà, fíìmù ásítéètì ti ń jẹra. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù lọ́jọ́ náà gan-an nítorí èéfín rẹ̀ máa ń ran èyí tó wà nítòsí, ẹ sì kọ́kọ́ gbé e wọ kọ̀ǹpútà kó tó ká. Fíìmù tó ṣáájú àárín àwọn ọdún 1950 lè jẹ́ náítíréètì, tó máa ń gbiná kíákíá: ẹ wá ọ̀rọ̀ náà létí fíìmù, ẹ gbé e jìnnà sí ooru, ẹ sì fi lé ilé ìkówèépamọ́ lọ́wọ́.

Fíìmù mílímítà 35, ẹ lo dpi 4000 (dpi ni iye àmì tí skánà ń kà nínú ínṣì kan). Férémù kan á jẹ́ bíi mílíọ̀nù píksẹ́ẹ̀lì 21, fáìlì TIFF rẹ̀ á sì tó mẹ́gábáìtì 128 bó bá jẹ́ aláwọ̀, bíìtì 16. Ó tóbi, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kékeré ara ẹ́ńjìnnì tó jìnnà ló máa ń sọnù kọ́kọ́ bí ẹ bá dín in kù. Fíìmù 120 ńlá, dpi 2400 tó. Fọ́tò orí ìwé, 600. Skánà tó ní ìnù ìdọ̀tí aládàáṣe máa ń lo iná infurarẹ́ẹ̀dì: ẹ pa á fún fíìmù dúdú àti funfun, ẹ pa á fún Kodachrome, nítorí fàdákà àti àwọ̀ inú wọn máa ń dí iná náà, ẹ̀rọ á sì máa nu wáyà àti ojú irin kúrò bíi pé ìdọ̀tí ni wọ́n.

Ẹ má ṣe gé etí fọ́tò. Ìdajì pátákó, òjìji òpó, imú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan: ibẹ̀ gan-an ni déètì máa ń fara pamọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ gé e kó lè lẹ́wà, ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn.

Ọ̀rá PVC máa ń ba fíìmù jẹ́ bó bá pẹ́. Ẹ lo ti pólíẹ́sítà tàbí àpò ìwé tí kò ní ásíìdì. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò, báírò máa ń tẹ ojú kejì yọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀

Dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìntì, obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ olùṣọ́ ọ̀nà tó dàgbà sí ilé ẹ̀gbẹ́ ojú irin: ẹ gbé fọ́tò sọ́wọ́ wọn kí ẹ tó bi wọ́n léèrè. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé "ọdún wo nìyí?" Ọ̀pọ̀ á dá ọdún kan lóhùn láti tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ bi wọ́n nípa iṣẹ́: ta ni ìwọ àti òun jọ wà lórí ẹ́ńjìnnì, ibo lẹ ti ń bu omi, ẹrù wo ló wà nínú wágọ́ọ̀nù, kí ló dé tí ẹ fi dúró níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ nǹkan tó ní déètì. Ọ̀pọ̀ rántí bí èédú ṣe wọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń pẹ́ lọ́nà, ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Enterprise bẹ̀rẹ̀ láàárín Belfast àti Dublin ní oṣù Kẹjọ 1947, ẹ́ńjìnnì CC1 tí Bulleid, ẹnjiníà CIÉ, ṣe ní iléeṣẹ́ rélùwéè Inchicore ní Dublin, tó ń jó ẹrẹ̀ gbígbẹ ní 1957, àti àwọn ọkọ̀ àkànṣe ìbẹ̀wò Póòpù ní 1979. "Ṣé ṣáájú Póòpù ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?" máa ń mú ìdáhùn tó dájú jáde ju ìbéèrè ọdún lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. Ẹni tó ń pe Heuston ní Kingsbridge lè máa sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní 1985, torí ọ̀pọ̀ ará Dublin kò fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí fọ́tò fúnra rẹ̀ fi hàn. Bí àwọn méjèèjì bá takora, ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ẹnìkan á wá lọ́jọ́ iwájú tó ní fọ́tò kejì tó yanjú rẹ̀.

Orúkọ fáìlì tó ń gbé gbogbo èyí rí báyìí: 1963c_Cork-GlanmireRoad_B150_001.tif. Ọdún kọ́kọ́, c láti fi hàn pé ìfojúdíwọ̀n ni, lẹ́yìn náà ibi tó jẹ́ pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà, ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà fọ́tò. Nínú fáìlì ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń bá a rìn, ẹ kọ ẹni tó yà á, ẹni tó ni í báyìí, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rí tí ẹ fi mọ ọdún rẹ̀, àti bóyá ẹni tó ni í gbà kí a tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹni tó wà nínú fọ́tò bá ṣì wà láàyè, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ síta.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ní, ọ̀kan nínú wọn ní ilé ẹlòmíràn. Bí ẹbí bá fẹ́ fi páálí náà sílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí Irish Railway Record Society tàbí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè kí ẹ tó yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí fọ́tò ṣe tò tẹ̀ léra nínú páálí, bí fíìmù kan ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Limerick tó sì parí ní Tralee, ẹ̀rí náà ni. Ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn bí ẹ ṣe bá wọn, kí ẹ tó yọ ọ̀kankan kúrò.